Ìka Kan Ni Mo Fi Pa Ọ̀rọ̀ Bíríkìlà Rẹ́

Ọwọ́ ọ̀tún mi dá ṣáṣá. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, síbẹ̀ ọwọ́ náà kò gbọ̀n, kò sì ro mí. Òun ni mo fi ń kọ ìtàn yìí sí yín. Ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ aránṣọ ló sì ń ṣe.

Ẹ má tètè káàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti orúkọ òkú sínú ìwé ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa, màá sọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ fún yín. Màá sọ ìyàwó tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́, màá sì sọ èyí tí wọ́n bí kí wọ́n tó fẹ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Àkọsílẹ̀. Orúkọ náà máa ń dùn mọ́ mi nínú. Bí mo bá wọ ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹbí, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu mi.

Ìgbéraga ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Tísà wá bá mi nílé. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ni, òun ló sì dá búlọ́ọ̀gì àdúgbò wa sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ló ti ń kọ ohun tí àwọn olóṣèlú wa bá ṣe àti ohun tí wọn ò ṣe. Abẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará àdúgbò máa ń kọ èrò tiwọn sí.

"Màmá Àkọsílẹ̀, ẹ gbà mí o."

"Kí ló ń lé ọ bọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ni, mà. Àwọn èèyàn ń bú ara wọn lórí búlọ́ọ̀gì mi, èmi nìkan ni mo sì ń kà á, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Lánàá ẹnì kan pe ìyá ẹnì kejì ní àjẹ́ nítorí gọ́tà."

"Nítorí gọ́tà?"

"Gọ́tà tó dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn."

"Ṣé ìyá náà ló jókòó sínú ẹ̀ ni?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní òun ti ṣe é báyìí pé ọ̀rọ̀ kan kò ní hàn fún aráyé àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kà á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dára, kí ẹni náà tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, yóò jáde. Bó bá jẹ́ èébú tàbí irọ́ ni, kí ó tẹ pupa, yóò parẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ọ̀rọ̀ kan ló ni ín, àwọn yòókù ò ní rí i mọ́.

"Asẹ́ ni mo ń wá," ni Tísà wí. "Kí omi kọjá, kí ìdọ̀tí dúró. Aránṣọ ti gbà láti bá mi ṣe é. Ó ku ẹ̀yin."

Aránṣọ yìí, ìsàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo fóònù tuntun. Á fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, á ti pín-ìn-nì bọ ẹnu, á máa fi imú sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lẹ̀ ń lù mọ́ ọn."

"Yọ pín-ìn-nì kúrò lẹ́nu kó o tó máa kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́."

"Bí mo bá yọ ọ́, màá sọ èyí tó kù."

Mi ò bí ọmọbìnrin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣeré.

Òfin kan ṣoṣo ni Tísà ṣe fún wa tó le. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, tàbí tó bá kan ẹbí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tẹ àwọ̀ ewé, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ pupa. Kí ó gbé e fún ẹlòmíràn nínú àwa mẹ́ta.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Tísà, ní àdúgbò yìí? Ta ni kì í ṣe ẹbí ta ni?"

"Ìdí nìyẹn tí Màmá fi wà níbí," ni Tísà dáhùn. "Màmá, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo olóṣèlú àti gbogbo ẹni tó bá di ipò kan mú, ẹ kọ ẹni tó bá wọn tan nínú wa. Ohun tí ẹ bá kọ la máa tẹ̀ lé."

Mo mú tákàdá funfun, mo fi rúlà fa ìlà sí i bí a ṣe máa ń ṣe é lọ́fíìsì. Orúkọ mẹ́rìnlá ló bọ́ sí abẹ́ Aránṣọ. Tísà ní méjìlélógún. Èmi ní mọ́kàndínlógún. Aránṣọ fi pín-ìn-nì kan tákàdá náà mọ́ ara ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ìwé òfin ti dé."

Ogún ló yẹ kí tèmi jẹ́.

Ẹni ogún yẹn ni Kánsẹ́lọ̀ wa. Gbogbo àdúgbò mọ bàbá tó tọ́ ọ. Èmi nìkan àti ìyá rẹ̀ la mọ̀ pé àbúrò mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi bí tẹ̀ lé mi, ló bí i. Ilé ọkọ ni ìyá náà wà nígbà yẹn. Èmi ni mo jókòó sídìí ìwé ìbí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà wá, ọwọ́ mi yìí ló sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ síbi tí orúkọ àbúrò mi yẹ kó wà. Nígbà tí àìsàn fẹ́ mú àbúrò mi lọ, ó di ọwọ́ yẹn kan náà mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó tú. Ẹ ṣáà máa bá mi ṣọ́ ọ."

Mo ní mo gbọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè, bí ẹni ń ṣọ́ aṣọ tirẹ̀ tí wọ́n sá sí àgbàlá ẹlòmíràn. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, á kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí àbúrò mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Màá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú mi.

Ẹ̀yin náà sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sórí tákàdá tó wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ?

Mo lè sọ fún Tísà pé, "Má bi mí ní ìdí, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Kánsẹ́lọ̀." Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni Tísà, kò ní bi mí. Àmọ́ Màmá Àkọsílẹ̀ ni mí. Mo fẹ́ kí wọ́n rò pé kò sí ohun tí mo mọ̀ tí kò sí lórí tákàdá yẹn.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan wọlé níbi tí mo jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ. Bíríkìlà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló kọ ọ́:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tuntun tó wà ní ilé ìwòsàn wa ti sán láti òkè délẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń to búlọ́ọ̀kù. Omi ń wọ ìpìlẹ̀ ògiri náà. Àga gbọọrọ tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Kí Kánsẹ́lọ̀ tó kọ́ ọ wá wò ó."

Gbọ̀ngàn yẹn ni Kánsẹ́lọ̀ ń fi tọrọ ìbò. Àwòrán rẹ̀ ló wà lórí gbogbo pósítà.

Mo gbójú sókè wo tákàdá ara ògiri. Orúkọ Kánsẹ́lọ̀ kò sí lábẹ́ orúkọ mi. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló ń fún mi láyè.

"Màmá, kí lẹ̀ ń kà tójú yín fi rí bẹ́ẹ̀ yẹn?" Aránṣọ ló béèrè lórí ẹ̀rọ.

"Kò sí nǹkan kan. Àwọn tí ìbò ń gùn ni."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní pupa, jàre."

Ó sọ ọ́ láìwojú mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ṣoṣo ni. Kò dùn, kò ró, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò níwájú mi bí ìgbà téèyàn gbá eruku sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni èkejì dé, mo sì tún ṣáájú àwọn yòókù ṣí i. "Mo ti ìka mi bọ ibi tó sán náà lónìí, ó wọlé dé oríkèé kejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èékánná mi nìkan ló wọ̀ ọ́."

Mo tẹ pupa.

Ẹ̀kẹta wá pẹ̀lú ìbínú. "Ta ló ń pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́? Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ògiri ni mò ń bá wí."

Mo tẹ pupa.

Ẹ má rò pé mi ò lọ wò ó. Mo lọ. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà kọjá. Wọ́n ti lẹ pósítà Kánsẹ́lọ̀ mọ́ ara ògiri. Sísán náà ti ya pósítà ọ̀hún, láti ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ títí dé kọ́là aṣọ rẹ̀. Ojú àbúrò mi gan-an ni mo dúró tí mò ń wò, tó pín sí méjì.

Mo sọ fún ara mi pé, "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bó bá ti wọlé tán, màá lọ bá a, màá sọ fún un ní ìdákọ́ńkọ́, á tún un ṣe." Ó dà bí ọgbọ́n àgbà lójú mi nígbà yẹn.

Bí mo ṣe yípadà báyìí, Bíríkìlà ló dúró níwájú mi, sìmẹ́ńtì ti gbẹ sí ṣòkòtò rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin náà wá wo ògiri yìí?"

"Oògùn ni mo wá rà."

"Ẹ dákun, mà. Wọ́n ní ẹ wà lára àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ kó tó jáde. Ṣé tèmi ò dé ọ̀dọ̀ yín ni? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ ọ́."

Mo wò ó lójú kòrókòró. "Mi ò rí i. Bóyá fóònù rẹ ni kò dára."

Ó wo fóònù náà, ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò nu ún. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní gbé e pamọ́. Màá yá ti ìyàwó mi lò."

Ó yá ti ìyàwó rẹ̀ lò. Ẹ̀kẹrin wá pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ rẹ̀ nínú ògiri.

Mo tẹ pupa.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Aránṣọ bọ́ síta ṣọ́ọ̀bù, ó ti tún gèlè rẹ̀ wé.

"Màmá, ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ lọ fi ojú mi han nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ ti ń di méjì lójú mi."

"Ilé ìwòsàn wo?"

"Tiwa yìí náà ni. Àbí mo fẹ́ wọkọ̀ òfurufú?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni kí ẹ ti dá mi lẹ́jọ́. Ẹ fi ti bọ́tìnnì sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, "Má jókòó sẹ́yìn, dúró síta." Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ náà. Á ní, "Èéṣe, Màmá? Ta ló sọ fún yín?" Kí ni màá wá dáhùn?

Mo ní, "Má pẹ́ o."

Ó ní, "Bí oníbàárà tó ni aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run bá dé, ẹ ní mo kú." Ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, a gbọ́ ìró náà látibi tí a wà. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá da yanrìn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni igbe.

Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní nígbà tí eruku kọ́kọ́ ń dà sílẹ̀, Aránṣọ ti dìde, ó ti fẹ́ jáde. Ó padà láti fi ọwọ́ ti arúgbó kan tó ń tòògbé lórí àga. Arúgbó náà bọ́ síwájú. Ọwọ́ Aránṣọ ló kù sẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ náà títí dé ìgúnpá, ó tóbi bí ìrọ̀rí ọmọdé. Ó lajú, ó rí mi.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún aláṣọ ojú ọ̀run pé ó máa pẹ́ díẹ̀."

Mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò lè sunkún níwájú rẹ̀. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò sáré tó oṣù kan ààbọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni Tísà pe ìpàdé sí pálọ̀ rẹ̀. Ó tó ogún èèyàn tó wá, àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Kánsẹ́lọ̀ wá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó dájú pé kò sùn. Bíríkìlà dìde, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Kí ni iṣẹ́ búlọ́ọ̀gì yín? Ṣé ká lè máa ka ẹni tó ṣí ibi tuntun ni?"

"Kò dé ọ̀dọ̀ wa," ni Tísà wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí i."

"Mo ṣì ní àwòrán rẹ̀ níbí."

Tísà gba fóònù náà, ó kà á. Ó wá fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra.

"Bó bá dé tí ẹnì kan pa á rẹ́, á ṣì wà nínú àpò ìdọ̀tí rẹ̀. Oṣù méjì ló ń lò níbẹ̀ kó tó lọ."

Mi ò mọ̀ pé àpò kan wà. Bẹ́ẹ̀ èmi ló yẹ kí n mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ní ọ́fíìsì wa, èèwọ̀ ni kí èèyàn fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé. Ìlà kan la máa ń fà kọjá lórí àṣìṣe, a ó sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó fagi lé e. Mo fi òfin yẹn kọ́ àwọn akọ̀wé kékeré fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

"Wọ́n rèé," ni Tísà wí. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbí. Orúkọ ẹni tó pa wọ́n rẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́..."

Ó fa kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ ojú.

"Ka orúkọ náà," ni Bíríkìlà wí.

Tísà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Màmá Àkọsílẹ̀." Ó tún wò ó. "Màmá Àkọsílẹ̀. Gbogbo rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi, bí wọ́n ti máa ń yí sí mi tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ẹbí.

"Ọwọ́ lè ṣèèṣì," ni Tísà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Màmá, àbí ọwọ́ ló ṣèèṣì?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin?" Bíríkìlà sún mọ́ mi. "Màmá, ẹ wò mí lójú níbi ògiri yẹn, ẹ ní fóònù mi ni kò dára. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà o. Ẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń wọ́."

"Kí ló dé, Màmá?" Tísà ni.

Mo lè purọ́ síwájú sí i. Ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Ọmọ àbúrò mi ni."

"Ta ni?"

Mo nàka sí Kánsẹ́lọ̀.

Àwọn kan pariwo. Kánsẹ́lọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá, ibo la ti bára wa tan?"

"Bàbá rẹ ló ní kí n máa ṣọ́ ọ."

"Bàbá mi wà nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. Wọn ò mọ̀ yín ju kí wọ́n kí yín lọ."

Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ló sọ èyí tó kù fún un. Mo rí i bó ṣe ń dé ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Màmá, àràárọ̀ ni mo máa ń ka búlọ́ọ̀gì yìí kí n tó wẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa gọ́tà, mo sì rán èèyàn lọ ṣí i. Mi ò lè wà níbi gbogbo. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni mi ò bá ti gbọ̀ngàn yẹn pa. Ta ló bẹ̀ yín pé kí ẹ dáàbò bò mí?"

Ó dìde, ó jáde. Kò tíì wọ ilé mi dòní.

Ó fìdí rẹmi nínú ìbò. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ìyá rẹ̀ kó kúrò nílé ọkọ ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Bàbá tó tọ́ Kánsẹ́lọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró, ó wò mí, ó sì padà lọ. Mo ti tú àṣírí tí mo fẹ̀jẹ̀ ara mi pamọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tú u, níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti dì í.

Nígbà tí wọ́n gbé Aránṣọ dé sílé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Tákàdá mi ṣì wà lókè.

"Màmá, ìbéèrè kan ni mo ní. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn tí mo ní kí ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ní kí n má pẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yíjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ rédíò rẹ̀ nísàlẹ̀, òun náà ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi lókè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó pè mí látìsàlẹ̀. "Màmá, ẹ wá fi òwú sí abẹ́rẹ́ yìí." Ó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo gbìyànjú kí òwú náà tó wọlé. Mo gbé e fún un, ó gbà á, ó ní, "Ẹ ṣeun." Mo gun àtẹ̀gùn padà lọ sókè. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń pè mí bí òwú bá tán.

Tísà ló ní kí n kọ ìtàn yìí ránṣẹ́ sí yín. Ó ní kò sí búlọ́ọ̀gì àdúgbò kan tí kò nílò asẹ́, àwọn èèyàn sì ń sá fún iṣẹ́ náà. Wọ́n ní èébú ti pọ̀ jù, kò sí ìyìn níbẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá lè kàwé, tí ẹ sì ní wákàtí kan lójúmọ́, ẹ lọ bá ẹni tó ni ti àdúgbò yín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ bá a kà á. Ẹ má jẹ́ kó kù sọ́wọ́ ẹnì kan tó rò pé òun mọ gbogbo nǹkan. Ká ní ẹnì kan péré tún ń kà á pẹ̀lú mi láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ ọmọ yẹn ì bá ṣì máa ránṣọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹbí yín bá sì dé iwájú yín, àní èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní ẹbí yín, ẹ káwọ́ sókè. Ẹ ò ní láti sọ ìdí.

Ó ku ohun kan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù Aránṣọ dún. Wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, òun ṣì ń ṣe é. Ó fi àtàǹpàkò òsì ṣí i, ó kà á, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yín ni. Bíríkìlà ló kọ ọ́."

"Kà á."

Ó kà á sókè. "Màmá Àkọsílẹ̀ kò tíì tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé. Ó mọ̀ pé ògiri ń bọ̀, ó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í ní ìtàn ẹbí mọ́, nítorí ìtàn tó bá wù ú ló ń kọ."

Mo ní, "Tẹ àwọ̀ ewé."

"Mi ò lè tẹ̀ ẹ́."

"Èéṣe? O ṣì ń bò mí láṣìírí?"

"Mi ò bo àṣírí yín kankan." Ó na ọwọ́ tó kú náà sí tákàdá ara ògiri, níbi tí mo ti fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ ẹni ogún sí i lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ tú. "Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Èmi ni ọmọ ọlọ́mọ tó ń wí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. A máa dúró de Tísà."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì láàárín wa. Mo ní ọwọ́ tó dá ṣáṣá, òun kò ní, àwa méjèèjì ò sì fọwọ́ kàn án. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ dè é. Ó ṣẹ́ etí aṣọ kan tán. Kò tíì ṣe tán láti dárí jì mí, mo mọ̀, mi ò sì bi í.

Tísà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni ohun tó wà níbí?"

"Òótọ́ ni," ni mo wí. "Jẹ́ kó jáde."